Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Ìwé Àdéhùn



Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ Yorùbá tiwa. Ní 23 Oṣù Kẹsàn-án 1886, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n kéde àlàáfíà láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Ogun wọn, Ogun Kírìjì, ti ń jà láti 1877. Àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni ìjọba Èkó rán sí àwọn budó. Ẹ wo ìwé tí wọ́n fi parí ìjà náà: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àmì àgbélébùú sì ni àwọn ìjòyè fi sí ibi orúkọ wọn. Ohun tí ògbufọ̀ bá sọ ni wọ́n gbọ́. Ìwé náà ní kí Èkìtì wà lómìnira, kí Modákẹ́kẹ́ sì kó kúrò níbi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Modákẹ́kẹ́ kò kó. Ìlọrin kò bá wọn fọwọ́ sí i, ogun rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀fà sì ń bá a lọ. Ó di 1893 kí budó Kírìjì tó tú.

Àwọn bàbá wa kò lè ka ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Àwa ńkọ́, tí a kàwé?

Ní Oṣù Kìíní 2010, ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ P&ID ṣe àdéhùn ogún ọdún. Ìjọba á pèsè gáàsì, P&ID á kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa sẹ́ ẹ ní Calabar. Wọn kò to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Ìjà dé, wọ́n gbé e lọ sí àbítíréṣọ̀n. Àbítíréṣọ̀n yàtọ̀ sí ìlàjà. Nínú ìlàjà, onílàjà ń bẹ̀ wá ni. A lè kọ̀. Nínú àbítíréṣọ̀n, a ti gbà ṣáájú pé ohun tí àwọn tí a yàn bá sọ, abẹ gé. Ní Oṣù Kìíní 2017, wọ́n ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là. Èlé gun orí rẹ̀ títí ó fi kọjá bílíọ̀nù 11.

Ibi tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo: venue. Ìwé àdéhùn náà ní òfin àbítíréṣọ̀n Nàìjíríà ni wọn yóò tẹ̀ lé, kí venue rẹ̀ sì jẹ́ London. Lójú ìjọba, ibi ìpàdé lásán ni London. Lójú àwọn tó ń dájọ́, ibẹ̀ ni ilé àbítíréṣọ̀n náà, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì lè yí ìdájọ́ wọn padà. Ní Oṣù Karùn-ún 2016, Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Èkó wọ́gi lé ìdájọ́ wọn àkọ́kọ́. Àwọn tó ń dájọ́ kò tilẹ̀ yíjú wò ó.

Òótọ́ ni pé ní 23 Oṣù Kẹwàá 2023, Adájọ́ Robin Knowles ní London wọ́gi lé gbogbo rẹ̀, nítorí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ̀rí èké, àti ìwé àṣírí àwọn agbẹjọ́rò wa tó dé ọwọ́ P&ID. Mi ò ní fi ìyẹn du ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n adájọ́ kan náà jẹ́ kó hàn pé bí wọ́n ṣe gbé ẹjọ́ Nàìjíríà kalẹ̀ kù díẹ̀ káàtó.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀kọ́ oyè ẹlẹ́ẹ̀kejì (LL.M.) nínú òfin ìparí aáwọ̀ àgbáyé lójú ọ̀nà Ìjàn níbí ní Èkìtì. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ ọ sábà máa ń wo London, níbi tí Yunifásítì Queen Mary ti ń kọ́ni láti 1985. Mi ò bá ẹni tó lọ jà. T. O. Elias di ààrẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague ní 1982, Bọ́lá Ajíbọ́lá náà jókòó níbẹ̀ láti 1991 dé 1994. Orí wa wú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe The Hague ni wọ́n ti ń kọ àdéhùn wa. Abùjá ni, sẹkitéríàtì Adó-Èkìtì ni, lórí tábìlì lọ́yà ìjọba tí wọ́n sọ fún pé ọ̀gá fẹ́ fọwọ́ sí i kó tó di ọ̀la. Lọ́yà yẹn ni mo fẹ́ kọ́. Òfin àbítíréṣọ̀n tuntun ti wà láti Oṣù Karùn-ún 2023. Ó gbà kí ẹlòmíràn náwó sórí ẹjọ́ kó sì jẹ nínú èrè. Ta ló ń fi ewu inú ìyẹn han àwọn ọmọ wa?

Mo tẹ gbólóhùn P&ID yẹn sórí bébà kan fún kíláàsì mi, mo ní kí wọ́n wá àṣìṣe rẹ̀. Ìdajì wákàtí kọjá, wọ́n ní kò sí. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè: “Sà, ṣé ibi tí wọ́n á ti jókòó ni àbí ibi tí ẹjọ́ ń gbé?” Mo ní kó tún un kọ. Ó pa venue rẹ́, ó kọ ọ́ gbọnrangandan pé Abùjá ni ilé àbítíréṣọ̀n náà, pé ìpàdé lè wáyé níbikíbi. Ìlà méjì péré ni.