Ìgbéraga Tí A Ń Pè Ní Ìfẹ́

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ lónìí, èmi gan-an ni yóò kọ́kọ́ bá wí.

Mo ní àbúrò obìnrin kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú láti kékeré. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Ó ka ìwé mẹ́wàá jáde, ó sì mọ aṣọ rán. (Mo ti gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ èyí.) Nígbà tí wọ́n wá tọrọ àbíkẹ́yìn wa níyàwó, òun ló rán aṣọ tí gbogbo wa wọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn àna ṣe ń dé, a ní kó lọ jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, kí èrò má bàa yọ ọ́ lẹ́nu. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà wá kí wọ́n má sọ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bẹ́ẹ̀, rọpárọsẹ̀ kì í ṣe àrùn àjogúnbá; kòkòrò àrùn ló ń fà á, àjẹsára tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu ló sì ń dènà rẹ̀. Mo mọ èyí lọ́jọ́ náà. Ìyá ọkọ yin aṣọ wa, ó ní ta ló rán an. Mo ní, “Télọ̀ kan ni, mà.” Ilẹ̀kùn yàrá yẹn kò tì.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, wọ́n fọwọ́ sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó ka fífi ìyà jẹ akàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Ó ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba, bó bá ti ṣeé ṣe tó, fi ó kéré tán 5 nínú 100 ààyè iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Àbúrò mi gbọ́, ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba fọ́ọ̀mù.” Mo ní, “Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣebí à ń bọ́ ọ?” Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn létí! Ohun tó wà nínú mi ni pé àwọn tí mo ń gbàdúrà ìwòsàn fún lọ́jọ́ Ìsinmi yóò máa rí àbúrò pásítọ̀ lórí ọ̀pá.

Ẹ rántí Méfíbóṣẹ́tì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ ń sá lọ pẹ̀lú rẹ̀, tó fi ṣubú, tó sì yarọ. Dáfídì ránṣẹ́ pè é láti Lódébárì, ó sì ń jẹun nídìí tábìlì ọba. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣì rọ níbẹ̀. Ọba kò ní kó kọ́kọ́ rìn ná. Ìgbà tí Síbà lọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa fún ọba ló pàdánù ilẹ̀ rẹ̀. Mo ka ibẹ̀, mo sì rí i pé Síbà ni mí nínú ilé wa.

Mo lọ bẹ àbúrò mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Bọ̀dá mi, ṣé fọ́ọ̀mù yẹn ṣì wà?” Àyè náà ti kún.

Mo wá ní kó jẹ́ ká jọ jókòó níwájú lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìdílé wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì mi, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun. Èmi ni mo bójú tó iṣẹ́ ilé yẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ jẹ́ bíríkìlà, ẹ dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé yìí.