Láti Àlejò di Onílé ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí pé nínú yín ni àwọn tí yóò rin ìrìn-àjò lọ́la wà. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ni ọ̀rọ̀ físà àti àṣẹ ìgbélùú ní Ìlú Ọba, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìdílé kan ti ta ilẹ̀ baba wọn nítorí ìrìn-àjò yìí. Ó yẹ kí ẹni tí yóò ta ilẹ̀ mọ ohun tí ó fẹ́ fi owó rẹ̀ rà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Físà ni àṣẹ pé kí ènìyàn wọ ìlú, kí ó ṣe ohun kan pàtó níbẹ̀, fún ìwọ̀n ìgbà kan pàtó. Àṣẹ ìgbélùú yàtọ̀ sí i: òun ni ìjọba fi ń sọ fún àlejò pé a kò ka ọjọ́ fún un mọ́. Ẹni tí ó ní físà dà bí ẹni tí ó háyà yàrá fún ọdún kan. Bí ọdún bá pé, onílé lè ní kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ó ní àṣẹ ìgbélùú kò tíì di ọmọ ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó lè fi ọkàn balẹ̀ sùn.

Ní àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol láti Èkó lọ sí Liverpool ní àwọn ọdún 1950 kò gba físà. Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1962 ni ó kọ́kọ́ fa ilẹ̀kùn náà dé díẹ̀. Òfin mìíràn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, tún fà á dé sí i. Síbẹ̀ òfin kejì yìí fi àṣẹ ìgbélùú fún àwọn ará Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi ibẹ̀ ṣe ilé kí ọjọ́ náà tó pé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba ìwé kankan tí ó fi èyí hàn.

Ní ọdún 2018, gbogbo ayé gbọ́ ohun tí ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti kékeré, pàápàá àwọn ará Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù tí ó yí i ká, pàdánù iṣẹ́ wọn. Wọ́n tilẹ̀ lé àwọn mìíràn kúrò ní ìlú, nítorí pé wọn kò rí ìwé fi hàn. Káàdì tí a fi kọ orúkọ àwọn èrò nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ìjọba ti run ún ní ọdún 2010. Ìjọba tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ìyà ti jẹ wọ́n. Ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: ẹ̀tọ́ tí kò ní ìwé lẹ́yìn kò ní ẹnu lọ́dọ̀ akọ̀wé.

Ọ̀ràn àwọn ọmọ náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé ọmọ tí a bá bí sí Ìlú Ọba ti di ọmọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fún ọmọ tí a bí kí ọdún 1983 tó wọlé. Láti ọjọ́ kìíní ọdún náà, ó di dandan kí bàbá tàbí ìyá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, tàbí kí ó ní àṣẹ ìgbélùú. Ẹ wo tọkọtaya kan tí wọ́n ń kàwé ní London nígbà náà. Bí wọ́n bá bí àkọ́bí ní ọdún 1981, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí wọ́n bá bí àbúrò rẹ̀ ní ọdún 1983, tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lásán, àlejò ni. Ìyá kan, bàbá kan, orúkọ kan. Òfin ti yà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí òbí bá gba àṣẹ ìgbélùú lẹ́yìn náà, ó lè fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ kí ó tó pé ọdún 18.

Báwo ni àlejò ṣe ń gba àṣẹ náà? Bí òfin ṣe wà ní ọdún 2024, ẹni tí ó ní físà iṣẹ́ ọwọ́ tàbí iṣẹ́ ìmọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, kí ó tó bèèrè. Kò gbọ́dọ̀ lò ju ọjọ́ 180 lọ lẹ́yìn odi nínú oṣù 12 èyíkéyìí. Yóò ṣe ìdánwò nípa ìlú náà: ìbéèrè 24, ìṣẹ́jú 45, kí ó sì gba 18 ó kéré tán. Ọdún tí ènìyàn fi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í kún ọdún márùn-ún yìí. Físà ìbẹ̀wò kò sì mú ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n òfin ń yí. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn tí ń lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kò lè mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n ti ọ̀nà náà pa fún àwọn tí a ń gbà tuntun láti òkèèrè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ìjọba kéde pé òun fẹ́ sọ ọdún márùn-ún di mẹ́wàá. Nítorí náà, òfin ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kọ̀wé ni kí ẹ kà, kì í ṣe èyí tí ẹ̀gbọ́n yín lò.

Ibí yìí ni àwọn oníjìbìtì ti ń jẹun. Wọn a ní àwọn ní iṣẹ́ tí àwọn ń tà. Ẹ rántí ohun mẹ́ta. Èkíní, ìjọba Ìlú Ọba ń tẹ orúkọ àwọn agbanisíṣẹ́ tí ó ní àṣẹ jáde, ọ̀fẹ́ ni wíwò rẹ̀. Èkejì, ẹni tí irọ́ tàbí ayédèrú ìwé bá bá lọ́wọ́, wọ́n lè tilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀kẹta, bí ìjọba bá gba àṣẹ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún òṣìṣẹ́ láti wá òmíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹni tí ó bá sì ti gba àṣẹ ìgbélùú, kí ó má gbàgbé: bí ó bá padà wálé kọ́lé, tí ó sì lò ju ọdún méjì lọ láìpadà, àṣẹ náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo ìwé yín. Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀. Ó dìgbà kan ná.