Agboòrùn àti Òṣùwọ̀n

Ẹni tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin kọjá ní Ṣógúnlé yóò rí agboòrùn ńláńlá tí a kọ orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sí lára. Ní abẹ́ wọn ni àwọn obìnrin ń jókòó sí, tí wọ́n ń ta káàdì ìpè, tàbí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ POS san owó fún ènìyàn. Kí ni agboòrùn wọ̀nyí wá ṣe láàrin wa? Ìbéèrè náà ni àwa fẹ́ dáhùn lónìí.

Ní ọdún 1999, okùn tẹlifóònù tí ó wà ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà kò tó 500,000. Ohun èlò àwọn ọlọ́lá àti ti ọ́fíìsì ni. Nígbàtí MTN àti Econet gbé fóònù alágbèéká dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ohun àjèjì ni ó ṣì jẹ́ lójú mẹ̀kúnnù. Nígbà náà ni fìlà, ẹ̀wù àti agboòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: ti MTN pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, ti Glo, tí ó dé ní 2003, tútù bí ewé.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Bí a bá ń sin òkú àgbà, tàbí tí a ń ṣe ìgbéyàwó, a kì í jẹ́ kí àlejò lọ ní ọwọ́ òfo. Abọ́ tí a tẹ orúkọ wa sí ni a fi ń ṣe ìrántí. Abọ́ náà a wọ ilé ìdáná, orúkọ náà a sì di ará ilé. Ọ̀nà yìí kan náà ni ẹ̀rọ òkèèrè gbà di ojúlùmọ̀ wa. Àwa kò bá wọn wí nítorí rẹ̀: oòrùn ń mú, ibòji sì dára.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun méjì. Èkíní, obìnrin tí ó wà ní abẹ́ agboòrùn ń polówó orúkọ náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, bẹ́ẹ̀ni èrè díẹ̀ tí ó wà lórí ọjà tí ó bá tà nìkan ni ó ń jẹ. Èkejì, ẹ̀bùn kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, ẹni tí ó bá sì fi ìṣẹ́jú àáyá 10 sọ̀rọ̀ yóò san owó ìṣẹ́jú kan pé. Fìlà àti agboòrùn kò dín kọ́bọ̀ kan kù níbẹ̀. Ìgbàtí Glo dé, tí ó ń gba owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ni àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Èyí ni oore tí ó dé àpò tálákà.

Àwọn àgbà wí pé, ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Ìwé Òwe pẹ̀lú kìlọ̀ fún wa nípa òṣùwọ̀n èké. Nítorí náà, bí a bá fún yín ní agboòrùn, ẹ gbà á, kí ẹ sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó tí a bá yọ lórí fóònù yín. Bí ilé iṣẹ́ kan bá sì fẹ́ ta àsíá rẹ̀ sí gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ ìkórè, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè bí ó ti ń ṣe sí àwọn tí ń ta ọjà rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà wa. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn ìmoore, àti ojú tí ó ríran. Àmín.