Òpó Ààlà Tó Ṣí Nípò

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oòjíire: bí ẹ bá gbé àwòrán ilẹ̀ àtijọ́, èyí tí àwọn awọnlẹ̀ fi òpó L40 ní Minna ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, lé ti sátẹ́láìtì lórí kọ̀ǹpútà, òpó ààlà bàbá yín lè jìn ju 100 mítà lọ sí àyè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò hú u. Òṣùwọ̀n ayé ló yàtọ̀: Clarke 1880 nígbà náà, WGS 84 lónìí.

Kí àwòrán méjèèjì lè bára mu, kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ sọ ìlà ìbú àti ìlà òòró di òǹkà mẹ́ta láti àárín gbùngbùn ayé; yóò yọ mítà 92 nínú èkíní, 93 nínú èkejì, yóò fi 122 kún ẹ̀kẹta, kó tó dá wọn padà sí ìlà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ wọ́ àwòrán àtijọ́ náà sípò!