Òróró Olóòórùn Líle àti Aboyún

(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ níbi ìpàdé olóṣù mẹ́ta)

Akọ̀wé ló ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan fẹ́ kí ẹgbẹ́ yá wọn lówó láti ra òróró olóòórùn ní gálọ́ọ̀nù, kí wọ́n máa rọ ọ́ sínú ìgò wẹ́wẹ́ tà. Ó ní kí n wá sọ bí ó bá dára fún aboyún, nítorí pé àwọn aboyún ló ń béèrè rẹ̀ jù lọ́jà. N kò wá ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbẹ̀bí, n kò sì ní bo ohun tí mo mọ̀ mọ́ra.

Òróró yìí kì í ṣe òróró ìsebẹ̀. Oruku omi gbígbóná ni wọ́n sábà fi ń fà á jáde lára ewé, èèpo igi tàbí òdòdó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ògógóró. Bí ògógóró ti le ju ẹmu lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni òróró yìí le ju ewé tó ti wá lọ. Ẹ wo ewé tíì tí a ń rẹ sómi gbígbóná mu. Bí a bá kó 100 kílò rẹ̀ jọ, òróró tí yóò jáde kì í sábà ju ìdajì kílò lọ. Ti òdòdó róòsì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó tó 3,000 kílò òdòdó kí a tó rí kílò 1. Nítorí náà, ẹni tó bá ní, “Ewé lásán ni, kò lè ṣe nǹkan,” kò rò ó dáadáa. Aboyún tó já efinrin díẹ̀ sínú ọbẹ̀ kò ṣe ohun burúkú kankan. Ẹni tó mu ṣíbí kan òróró efinrin, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ìyẹn ṣe.

Ohun tí a fi para ń gba awọ ara wọnú ẹ̀jẹ̀, èyí tí a fà símú ń gba ẹ̀dọ̀fóró wọlé. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ibi ọmọ kò lè dá dúró.

Òfin kìíní, tí n kò ní yí padà fún ẹnikẹ́ni, ni pé kí aboyún má ṣe mu ún. Ẹ wo òróró wintergreen, tí wọ́n máa ń kọ methyl salicylate sí lára ìgò tàbí agolo ìpara. Ìbátan asipirín ni. Ṣíbí ìmutíì kan ògidì rẹ̀ ju 20 hóró asipirín àgbàlagbà lọ! Bí oyún bá ti gòkè, irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ba ọkàn ọmọ inú jẹ́, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá. Fífi í para náà nílò ìṣọ́ra. Àbúrò mi obìnrin kan, nígbà tí oyún rẹ̀ pé oṣù méje, ń fi irú ìpara yìí pa ẹ̀yìn ríro ní ìgbà mẹ́rin lójúmọ́, yóò sì fi ọ̀já dì í pinpin. Èmi ni mo tú ọ̀já náà. Awọ ibẹ̀ ti bó. Ó ní òun rò pé bí ó bá ti ń ta ni ó ń ṣiṣẹ́.

Káńfọ̀ náà ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1982, ìjọba ní kí wọ́n kó òróró káńfọ̀ kúrò lọ́jà, nítorí pé àwọn ènìyàn ń ṣì í mu bí òróró lárà. Ẹ̀yin tó fẹ́ máa rọ òróró sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò, ẹ ṣé ẹ gbọ́?

Òmíràn tún wà tí a ń pè ní káńfọ̀ tí kì í ṣe káńfọ̀ rárá: hóró funfun tí a ń jù sínú àpótí aṣọ. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, naphthalene ni. Aboyún yóò ra aṣọ ọmọ sílẹ̀, yóò ju hóró mẹ́rin sí i, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé aáyán kò ní débẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà G6PD tó, wọn kò sì ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Nínú ọkùnrin 5, a lè rí tó 1. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa fọ́, ojú rẹ̀ yóò pọ́n bí ìyeyè, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ tàbí kí ó pa á. Òróró ìpara ọmọ tún ń jẹ́ kí májèlé náà tètè wọ ara. Ẹ kó o kúrò nínú àpótí aṣọ ọmọ lónìí. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má sá a sóòrùn nìkan. Ẹ má sì fi ìpara olóòórùn líle sí imú ọmọ ọwọ́. Ó lè sé e léèémí.

Ṣé kí aboyún má lò ó rárá ni? N kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú ṣíbí ìmutíì kan àdín àgbọn tó, irú òróró lafẹ́ńdà bẹ́ẹ̀. Kí ó fi díẹ̀ sí apá, kí ó wò ó di ọjọ́ kejì. Kí ó má kán an sínú omi ìwẹ̀ lásán, nítorí yóò léfòó, yóò sì jó o lára. Ẹni tó fi òróró ọsàn wẹ́wẹ́ para kò gbọdọ̀ jáde sóòrùn. Ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí wárápá, kí ó bi dókítà léèrè kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ti èébì òwúrọ̀, bí òórùn ọsàn tàbí ata-ilẹ̀ lórí aṣọ ìnujú bá ń tù ú, kí ó máa gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ibà kì í gbọ́ òórùn. Aboyún tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí orí ń fọ́ gidigidi, tí ojú ń wú, tàbí tí ó rí ẹ̀jẹ̀, kí ó má jókòó ti ìgò òróró.

Ní ti owó yíyá, ìgbìmọ̀ ni yóò pinnu. Bí ó bá jẹ́ èmi, n kò ní fọwọ́ sí gálọ́ọ̀nù. Èyí tó wà nínú ìgò tirẹ̀, tó ní orúkọ àti nọ́ńbà NAFDAC, tí ọmọdé kò lè ṣí ìdérí rẹ̀, ìyẹn ni mo lè gbà kí ẹ tà, kí ẹ sì máa sọ fún oníbàárà pé kì í ṣe mímu. Èrè rẹ̀ yóò kéré, mo mọ̀. Díẹ̀ nínú yín ti gbé ìgò wá lónìí. N kò tíì lọ. Ẹ gbé e wá síbí kí n bá yín ka ohun tí wọ́n kọ sí i.