Òfin Eré fún Sasabonsam

Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe eré orí tábìlì tí olúkúlùkù ti ń gba ara akọni kan wọ̀. Ẹnì kan jẹ́ olùdarí. Òun ló ń sọ ohun tó wà lójú ọ̀nà, àwọn yòókù á sì máa sọ ohun tí akọni wọn fẹ́ ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dórí kí akọni fo odò tàbí kí ó bá abàmì ẹ̀dá jà, wọ́n á ju dáìsì. Òfin eré ló ń sọ iye tí dáìsì gbọ́dọ̀ mú wá.

Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé irú eré bẹ́ẹ̀ tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Nǹkan mẹ́fà ni wọ́n fi nọ́ńbà wọ̀n lára akọni: agbára, làákàyè, ọgbọ́n, ìfaradà, ìyára ọwọ́ àti bí ó ṣe ń fa ènìyàn mọ́ra. Dáìsì mẹ́ta ni wọ́n ń jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó fi jẹ́ pé láàárín 3 sí 18 ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Ní ti abàmì ẹ̀dá, ìlà kan nínú àtẹ àti àlàyé ṣókí ti tó o nígbà náà.

Nígbà tí ẹ̀dà kẹta eré náà jáde lọ́dún 2000, òfin kan náà ni wọ́n fi mọ akọni àti abàmì. Ó dùn létí, àmọ́ ó le lọ́wọ́. Akọni lè wà nídìí tábìlì fún odindi ọdún, nígbà tí ìjà kan ṣoṣo sábà máa ń parí ti abàmì. Ẹ̀dà kẹrin, lọ́dún 2008, ya òfin méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì wá nọ́ńbà abàmì láti inú ìpele rẹ̀ àti ipa tó fẹ́ kó nínú ìjà. Ìṣirò tó wà lábẹ́ rẹ̀ gùn. Ìwé ló yẹ ẹ́ ju etí lọ.

(Ìró òòlù lórí irin.)

Ẹni tó bá fẹ́ rí ọgbọ́n tó wà nínú ìpínyà yìí, kí ó ya àdúgbò Suame Magazine ní Kùmásì, ní Gánà, láàárín àwọn fìtà, àwọn wẹ́dà àti àwọn tó ń ta ògbólógbòó páàtì ọkọ̀. Lọ́dún 2013, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ àti ará Netherlands méjì, Melle Smets tó jẹ́ oníṣẹ́ ọnà àti Joost van Onna tó jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ, jọ kan ọkọ̀ kan tí wọ́n sọ ní Turtle. Wọn ò dúró de páàtì láti òkè òkun. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ọkọ̀ náà ṣe: kí ó gba ojú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, kí ó gbé ẹrù, kí fìtà ẹ̀bá títì sì lè tún un ṣe láìwá kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí Netherlands, káwọn ará ibẹ̀ náà fojú rí iṣẹ́ ọwọ́ Suame. Bí ó ṣe yẹ kí wọ́n kan abàmì ẹ̀dá gan-an nìyẹn: iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe ló ṣáájú, nọ́ńbà ló ń tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀ Aṣánti, níbi tí Kùmásì wà, sì ní abàmì tirẹ̀. Onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, R. S. Rattray, ṣàpèjúwe Sasabonsam nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1927: irun bò ó lára, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọjú síwájú àti sẹ́yìn. Orí ìrókò tàbí àràbà ló ń jókòó sí, á wá fi ẹsẹ̀ tó ń rọ̀ dirodiro náà kọ́ ọdẹ tí kò fura.

Ẹni tó bá kàn fún un ní nọ́ńbà ẹ̀mí 90 àti èékánná mímú kò tíì sọ nǹkan kan nípa Sasabonsam. Ẹkùn náà lè ní bẹ́ẹ̀. Ara ẹsẹ̀ yẹn ni òfin rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Akọni tó bá gba abẹ́ igi kọjá láìwòkè kò ní dáìsì kankan láti jù: ó ti dòkè. Òkè níbẹ̀ ni ìjà kù sí. Dáìsì kan wà fún dídi ẹ̀ka mú, òmíràn wà fún gígé ẹsẹ̀ abàmì. Bí ẹsẹ̀ bá gé tán, akọni á já bọ́, ilẹ̀ á sì ṣe é léṣe ju abàmì lọ. Òfin kejì wá láti inú ẹsẹ̀ kan náà: kò sẹ́ni tó lè tọpasẹ̀ rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó kọrí sí. Bákan náà ni Àgbákò, abàmì olójú mẹ́rìndínlógún tí òǹkọ̀wé Fágúnwà kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1938. Òfin tó bá mọyì ojú wọ̀nyẹn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ́ bá a láti ẹ̀yìn.

Akọni ní tirẹ̀ ń dàgbà, òfin rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fàyè sílẹ̀. Ká ní fìtà Suame ni akọni náà. Ní ìpele kìn-ín-ní, etí rẹ̀ á ti máa mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ní ìpele karùn-ún, á gba ọmọ iṣẹ́, á sì máa fi ohun tó wà nílẹ̀ rọ ohun ìjà. Bí òfin ohun ìjà àti ti oògùn ṣe ń wọlé sí ìdàgbà akọni, ètò mìíràn ni yóò gbé e yẹ̀ wò. Àkókò ti tó.