Kí Ni À Ń Pè Ní Níwọ̀nba? Ọ̀rọ̀ lórí Ìjáwọ́ Nínú Ọtí



Kì í ṣe ọ̀mùtí paraku ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn oníwàásù ti bá a wí tó, àwọn akéwì sì ti fi í ṣe ẹlẹ́yà tó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kàn ni ẹni tí kì í mu yó, tí ń mu ìgò kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí a sì ń sọ pé ó ń mu níwọ̀nba. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èmi náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó jáwọ́.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Inú ìwọ̀n ni "níwọ̀nba" ti wá. Ibi tí ìwọ̀n bá sì wà, ó yẹ kí òṣùwọ̀n wà. Ta ló wọ̀n ọ́n? Ìgò bíà ńlá ti ilẹ̀ wa gba 60 sẹ̀ǹtílítà. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ògidì ọtí inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 24. Ní 2016, àwọn àgbà oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbani nímọ̀ràn pé kí a má ṣe mu ju ìwọ̀n 14 lọ lọ́sẹ̀, gíráàmù 8 sì ni ìwọ̀n kan. Ìgò tiwa kan jẹ́ ìwọ̀n mẹ́ta. Ẹni tó ń mu ẹyọ kan péré lálaalẹ́ yóò ti mu 21 kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Ẹnu lásán ni a fi ń wọn ọtí wa.

Wọ́n ti máa ń sọ fún wa pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ń ṣe ọkàn lóore. Nínú àwọn tí ìwádìí àtijọ́ kà sí aláìmutí, àwọn kan wà tí àìsàn ló mú wọn jáwọ́. Bí a bá fi irú wọn wé ẹni tó ń mu díẹ̀, onítọ̀hún kò ní ṣàì dà bí alára líle. Láti 1988 ni àwọn olùwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé ti ka ọtí mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí kò léwu.

Oorun ni mo kọ́kọ́ jèrè. Ọtí a máa tètè gbé ènìyàn sùn, ṣùgbọ́n a máa da apá kejì òru rú. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, n kò jí láago mẹ́ta òru mọ́, àkókò tí ìgò ń gbà lọ́wọ́ mi sì padà sọ́dọ̀ ìwé. (Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí kò bá mu, kí ó lọ rí dókítà ná, ìjáwọ́ òjijì léwu fún un.)

Àwùjọ ló ṣòro ju ara lọ. Ọtí ni a fi ń bá òkú ọ̀run sọ̀rọ̀, òun ni a fi ń tọrọ ìyàwó. Ẹni tó bá kọ ife, wọn a ní ó kọ ènìyàn. Àbúrò bàbá mi kan bi mí pé, "Ṣé òyìnbó lo dà ni, àbí wòlíì?" Mo ní, "Bàbá, àwọn tó ń sin Ọbàtálá ti ń kọ ẹmu kí òyìnbó tó gúnlẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ sì rántí ìtàn náà: òùngbẹ ló gbẹ òrìṣà lójú ọ̀nà tó fi mu ẹmu, tó sùn lọ, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ ìdá ayé ṣe. Wọn kò pè é ní ọ̀mùtí. Síbẹ̀ ẹmu di èèwọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ́ sọ pé wọn kì í ṣe ọmọ ilé.

Nínú The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola kọ, tó jáde ní 1952, oko tó ní ọ̀pẹ 560,000 ni bàbá fún ọmọ. Adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ, ó kú. Ẹmu tán, ẹsẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ sì dá nílé. Àwọn òǹkàwé a máa yára kọjá ibẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn iwin. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló bani lẹ́rù jù nínú ìwé náà. Àwa mẹ́fà la máa ń jókòó pọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Méjì kò wá mọ́. Àwọn mẹ́ta tó kù ń mu bíà wọn, mo ń mu omi mi. Ọ̀kan nínú wọn, tí a ti jọ ń mu fún ogún ọdún, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi lọ́dún tó kọjá bí ìyá rẹ̀ ṣe kú.